Àkọ́so Kì Í Ṣe Ti Ẹnu

Ilé Màmá,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Mount Pisgah,
Alabama.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Idella,

Mo kí yín o. Mo kí yín kú ìfaradà, mo kí yín kú òtútù Detroit tó ti ń bọ̀ lọ́nà, mo sì kí Renita ọmọ yín kú ìtọ́jú. Ó sọ fún mi pé ẹ ti ń rìn láti yàrá dé ilé ìdáná láìdi ọ̀pá mú, pé egungun ìbàdí tuntun tí àwọn dókítà fi sí yín ti mọ ilé. Ọlọ́run ṣeun. Ẹsẹ̀ náà kò ní kọ̀, kò sì ní dùn yín bí òjò bá ṣú. Ní tèmi, mò ń jẹun, mò ń rìn, ẹ̀jẹ̀ ríru mi kò lọ sókè ju bó ṣe wà. Ọkàn mi nìkan ni ara rẹ̀ ò yá.

Ẹ ó máa wò ó pé kí ló dé tí Thurman fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà, èmi tí kì í fẹ́ kọ orúkọ ara mi sórí ìwé. Gbogbo ọjọ́ Àìkú la jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo sì ń purọ́ fún yín láti oṣù keje. Ẹnu mi ti mọ ọ̀nà irọ́ lórí fóònù yẹn, kò tún gbọ́ tèmi mọ́. Mo ní kí n mú bíírò, bóyá ọwọ́ á lè ṣe ohun tí ẹnu kọ̀ láti ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, bó bá jẹ́ pé ẹ wà lórí ìdúró, ẹ wá àga kí ẹ jókòó.

Ọ̀rọ̀ ilá Màmá ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó burú jù ú lọ, ṣùgbọ́n ilá ló ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ẹ rántí àárọ̀ ọjọ́ tí Renita wá gbé yín ní oṣù karùn-ún. Ẹ ti fi ọwọ́ ara yín gbin ilá náà sí ìlà mẹ́ta, ọgbọ̀n igi, gbogbo hóró tó kù nínú ìgò lẹ sì gbìn. Ẹ ní hóró ilá tó bá ti ju ọdún mẹ́ta lọ ti ń darúgbó, pé ká gbin gbogbo rẹ̀, ká gba tuntun. Ẹ gbé ìgò òfìfo náà sójú fèrèsé ilé ìdáná, ẹ wá kó àkísà pupa ọgbọ̀n lé mi lọ́wọ́. Ẹ ní, "Thurman, àkọ́so kì í ṣe ti ẹnu. Èyí tó bá kọ́kọ́ yọ lórí igi kọ̀ọ̀kan, so àkísà mọ́ ọn, fi í sílẹ̀ kó gbẹ sórí igi. Èyí tó bá tẹ̀ lé e ni kí o máa jẹ." Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ tún un sọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí ni?" Ẹ ní, "Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni ọ́, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù." Renita rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ wọ mọ́tò ẹ lọ.

Mo ṣiṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná, kí ẹ má lọ rò pé orí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo sùn sí látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ mọ bí oṣù keje wa ṣe máa ń rí. Láago méje àárọ̀, òógùn ti ń wọni lójú. Afẹ́fẹ́ kò ní fẹ́, aṣọ tí a sá lánàá, ọ̀rinrin rẹ̀ la ó bá lórí okùn lónìí. Aago márùn-ún ni mò ń jí kí oòrùn tó mú, mò ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn nínú ooru yẹn nítorí ewé ilá tó ń yúnni lára. Èèrà pupa jẹ ọrùn ẹsẹ̀ mi títí ó fi wú bí iṣu. Tòmátì yín so dáadáa, àfi bó ṣe di ìdajì oṣù keje tí ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ìsàlẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ tó parí gbogbo rẹ̀ ti kú. Ti gbogbo àdúgbò ló kú, kì í ṣe ọwọ́ mi. Kòkòrò wọ inú ìtàkùn elégédé. Ẹ̀wà ló ṣe dáadáa, mo bó o títí èékánná mi fi di aláwọ̀ àlùkò, fìrísà sì kún. Gbogbo ohun tí mo sọ fún yín nípa ẹ̀wà, òótọ́ ni.

Ilá Màmá onígi pupa yẹn kì í yára, ẹ mọ̀. Ó máa ń kọ́kọ́ ga ná kó tó rò ó pé kí òun so. Díákónì Purvis aládùúgbò wa, ilá kúkurú tirẹ̀ ti ń so láti oṣù kẹfà, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló sì ń gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú apẹ̀rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ wá sàmì. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Thurman, ilá Idella ńkọ́? Àbí o ti sin ín, o ò sì pe pásítọ̀?" Àwọn èèyàn á bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àsè Ìpadàwálé ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí àwọn ọmọ ìjọ tó ti ṣí lọ máa ń wá sílé jẹun, ó ní, "Lọ́dún yìí, ilá tèmi la ó jẹ. Idella ló fi oko rẹ̀ sílẹ̀ fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Kí ni awakọ̀ mọ̀ ju kó tẹ hóònù lọ?" Mo rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kó sí mi nínú. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa bọ́ọ̀sì iléèwé, kò sí ọmọ kan tó já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ó yẹ kí ẹnì kan bọ̀wọ̀ fún mi lórí ohun kan kí n tó kú.

Ní Sátidé tó ṣáájú àsè náà, mo bọ́ sí oko láàárọ̀. Àkọ́so ti yọ lórí gbogbo igi, ó gùn, ó mú ṣinṣin, àkísà pupa sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe wí. Àwọn tó tẹ̀ lé e kò tíì ju èékánná lọ. Mo dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú àkísà. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní sọ fún yín pé mo gbàgbé. Ẹni tó bá tú àkísà ọgbọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan kò lè ní òun ò mọ ohun tí òun ń ṣe. Mo tú u, mo gé e, mo yí i nínú ìyẹ̀fun àgbàdo bí ẹ ṣe máa ń ṣe, mo dín in, mo gbé àwo kan gbáko lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì.

Wọ́n jẹ ẹ́ tán kí pásítọ̀ tó gbàdúrà oúnjẹ parí. Purvis alára bù ú lẹ́ẹ̀mejì, ó ń lá ìka, ó ní, "Ẹ má purọ́ fún mi, Idella ló dín èyí tó fi ránṣẹ́ láti Detroit." Inú mi dùn. Mo jókòó sábẹ́ igi níbẹ̀, inú mi sì dùn gan-an, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè wo ojú ara mi nínú dígí báyìí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ẹ pè, ẹ ní, "Ṣé o ti so àkísà?" Mo ní, "Mo ti so ó." Mo sì ti so ó lóòótọ́. Irọ́ tó bá ní òtítọ́ díẹ̀ nínú ló máa ń rọrùn sọ jù.

Mo ní ìgbà ń bẹ níwájú. Ilá náà gbéra sọ, ó ga débi pé orí àpótí ni mò ń gùn kí n tó gé e. Àwọn àgbà ní ilá kì í ga ju olóko lọ, wọn ò tíì rí ti Màmá ni. Mò ń gé e lọ́jọ́ méjì méjì kó má baà le, mò ń fún àwọn èèyàn, wọ́n ń yìn mí, mò ń jẹ ìyìn. Ìparí oṣù kẹjọ ni mo tó tún kó àkísà jáde, tí mo so ó mọ́ àwọn tó wà lókè téńté. Mo rò pé ilá ni ilá í jẹ́, ẹ̀yìn tàbí iwájú.

Nínú oṣù kẹsàn-án ni ìjì gòkè wá láti òkun. Mo sọ fún yín nípa ìjì yẹn, mo ní òrùlé kò ṣí, òótọ́ ni. Ohun tí mi ò sọ ni pé òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà láìdá, igi ilá dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, gbogbo ilá tí mo so àkísà mọ́ dúdú bíi èédú. Mo là á. Hóró inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, irun funfun ti hù lé e. Mo sá a sórí ìwé ìròyìn níwájú fáànù. Mo di ọgbọ̀n hóró sínú aṣọ tútù fún ọjọ́ mẹ́wàá bí Màmá ṣe máa ń dán an wò, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó hù. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tí Màmá fi ṣòfin. Àkọ́so nìkan ló ń rí oòrùn oṣù keje gbẹ kí òjò ìjì tó dé. Wọn ò ṣàlàyé fún wa, a sì rò pé àṣà lásán ni.

Ibi tó burú ló kàn yìí. Mo wa mọ́tò lọ sí ìlú, mo ra hóró ilá nínú ṣọ́ọ̀bù, àpò mélòó kan, mo dà á sínú ìgò Màmá títí ó fi kún dé ibi tó máa ń kún dé. Mo sun àwọn àpò bébà náà nínú àgbá ẹ̀yìnkùlé. Hóró ilá ò ní ojú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ó gbìn ín lọ́dún tó ń bọ̀, bó bá wá so kúkurú, ẹ ó rò pé ọwọ́ yín ló ti burú, tàbí pé ilẹ̀ ló ti rẹ̀. Mo ti rò ó dé ibẹ̀. Mo ti gbà pé kí ẹ̀bi náà wà lórí ọwọ́ yín.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ẹ bi mí pé ṣé hóró ti wà nínú ìgò. Mo ní ó ti wà. Mo wá gbọ́ pé ẹkún lẹ ń sun. Ẹ ní, "Thurman, kí wọ́n tó gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, mo sọ fún Ọlọ́run pé bí mi ò bá jí, kò burú, ilá Màmá wà lọ́wọ́ àbúrò mi. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ nìyẹn." Ẹ̀gbọ́n mi, oúnjẹ tí mo sè sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ajá Purvis ló jẹ ẹ́.

Bí Purvis ṣe mọ̀ pé mi ò jẹun nìyẹn, tó wá wò mí. Ó dúró nínú ilé ìdáná, ó wo ìgò lójú fèrèsé, ó wo àwọn igi tó wà nínú ẹrẹ̀ níta, ó wá wò mí. Ó ní, "Ilá tó gbẹ nínú òjò yẹn, iṣẹ́ ìyanu ni. Ó yẹ ká jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì." Ó ti dé fìlà rẹ̀ tán kó tó ní, "Ilá gíga onígi pupa kan wà lẹ́yìn ilé Verlene. Mo máa ń rí i bí mo bá ń lọ pẹja. Ó ga ju òrùlé lọ." Ó sọ̀kalẹ̀, ó lọ.

Mo mọ̀ pé orúkọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ yìí, ẹ kì í fẹ́ gbọ́ ọ. "Obìnrin yẹn" lẹ máa ń pè é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí Verlene ti kúrò ní ìyàwó mi, ẹ ò sì kí i láti ìgbà náà. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó yí kẹ̀kẹ́ ọjà yín gba ọ̀nà mìíràn. Èmi ni mo fà á. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, bí ẹ bá ya lẹ́tà yìí lẹ́yìn náà, ẹ̀tọ́ yín ni.

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọ́kọ́ kọlu Màmá, tó gba ọwọ́ ọ̀tún wọn, gbogbo wa ti fẹnu kò pé ọ̀dọ̀ èmi àti Verlene ni wọn ó wá máa gbé. Ẹ̀yin ti di ẹrù, iṣẹ́ tíṣà ń dúró dè yín ní Detroit. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Verlene mọ̀ nípa obìnrin tí mo ní ní Montgomery. Ó ní kí n yan ọ̀kan. Mo kó aṣọ mi. Nígbà tí ẹ bi mí pé kí ló dé, ojú tì mí láti dárúkọ obìnrin, mo wá ní Verlene ló lé mi. Mo ní ó ní òun ò ní fọ ìdí ìyá ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi, kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Kò sọ ohun tó jọ ọ́. Ọjọ́ tí mo jáde nílé yẹn, ọ̀dà ṣì ń gbẹ lára ògiri yàrá tó kùn sílẹ̀ fún Màmá, àwọ̀ ewé tútù tí wọ́n fẹ́ràn.

Ẹ tú ẹrù yín. Ẹ kọ̀wé sí Detroit pé ẹ ò wá mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ fi gbé Màmá, lẹ fi wẹ̀ wọ́n, lẹ fi bọ́ wọn, títí wọ́n fi lọ. Èmi ń wá lọ́jọ́ Àìkú, mò ń fi ṣíbí bu ọbẹ̀ sí wọn lẹ́nu, ẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Detroit tí ẹ fẹ́ lọ nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógójì, àìsàn ló wá gbé yín débẹ̀. Mo máa ń ro ìyẹn láàárín ilá. Ẹni tó bá wà lóko nìkan nínú ooru, kò sí ibi tó lè sá sí.

Sátidé tó kọjá ni mo lọ bá Verlene. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀wà sínú abọ́. Mo rí ilá náà lẹ́yìn ilé rẹ̀ kí n tó rí òun alára, igi rẹ̀ pupa, àkísà funfun sì wà lára rẹ̀ káàkiri. Ó wò mí láti ojú títì títí mo fi dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó wá ní, "Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Thurman ni."

Ó ní, "Thurman wo? Èyí tí mo mọ̀ ní irun lórí."

Mo ní, "Verlene, jọ̀ọ́."

Ó fi ẹsẹ̀ ti àga kan sọ́dọ̀ mi. "Bó o bá máa jókòó, bó ẹ̀wà. Mi ò ní àlejò tó ń ká ọwọ́ gbera. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń retí kó o wọ àgbàlá yìí, mi ò mọ̀ pé ilá ló máa gbé ọ wá."

Mo bó ẹ̀wà, mo sọ ti ilá fún un. Nígbà tí mo dé ibi àkísà ọgbọ̀n, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nu. Nígbà tí mo dé ibi hóró ṣọ́ọ̀bù, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe máa ń ṣe é. O máa ń wá nǹkan mìíràn dí i, kó má baà ṣófo." Ó dìde, ó wọlé, ó gbé ìgò kan jáde. Ìgò Màmá ni, ìkejì tiyín. Bébà kékeré kan wà lára rẹ̀, ó ti pọ́n, ìkọ̀wé rẹ̀ sì wọ́ bíi ti ọmọdé. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Fún Verlene ọmọ mi. Àkọ́so kì í ṣe ti ẹnu."

Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọ̀tún ti kú nígbà náà, mo sì ti parọ́ tèmi tán.

Mo bi í pé báwo ni ìgò náà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Purvis ló fi mọ́tò gbé Màmá wá. Wọn ò lè sọ̀kalẹ̀, mo wọ inú mọ́tò lọ jókòó tì wọ́n. Mo ní, 'Màmá, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o.' Wọ́n ní, 'Ta ló ní o sọ ọ́? Ọmọ tí mo bí, mo mọ ìgbà tó bá ń purọ́.' Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ ṣàlàyé fún Idella. Wọ́n ní rárá, ẹnu tó so ó ni kó tú u. Wọ́n ní àwọn máa dúró dè ọ́." Ó bó ẹ̀wà bíi mélòó kan. Ó ní, "Nígbà ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n dìde lórí àga ẹbí. Mo dìde. Ẹ̀yìn fèrèsé ni mo ti gbọ́ ìwàásù."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ju ogún lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni Màmá fi dúró dè mí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mo fi ń bọ́ wọn lọ́bẹ̀, wọ́n máa ń tẹ ojú mọ́ mi, mo sì rò pé àìsàn ni. Wọ́n ń dúró ni. Wọ́n dúró títí wọ́n fi kú, mi ò sì sọ nǹkan kan ju pé ọbẹ̀ gbóná, ẹ rọra.

Mo bẹ Verlene pé kó fún mi ní hóró díẹ̀. Ó ní, "Ìwọ kọ́ ni mo máa fún. Wọ́n ti fi èyí sí ọ lọ́wọ́ rí, o jẹ ẹ́. Hóró yìí, ti ẹ̀gbọ́n rẹ náà ni. Kọ ọ́ sínú ìwé ohun tó o ṣe, gbogbo ẹ̀, má fo nǹkan kan. Bí wọ́n bá kà á tán tí wọ́n bá fẹ́ hóró, kí wọ́n pè mí, màá fi ẹsẹ̀ ara mi gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn. Mi ò ní kí wọ́n bẹ̀ mí. Kí wọ́n ṣáà pe orúkọ mi."

Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ ṣe rí. Mo ti da hóró ṣọ́ọ̀bù fún àwọn adìyẹ Purvis, mo fọ ìgò yín, mo dá a padà sójú fèrèsé bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Ó ṣófo. Ẹ ó bá a bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá dé fún àjọ̀dún Ìdúpẹ́ ní oṣù tó ń bọ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ẹni tí èèyàn jí ọdún rẹ̀ gbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí, bí kò bá ṣeé ṣe nísinsìnyí, kó jẹ́ nígbà tó bá ṣeé ṣe. Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi ni mo ṣẹ̀, ẹ̀yin ni mo wá ń rán pé kí ẹ lọ kí ẹni tí a ṣẹ̀.

Kí Ọlọ́run fi okun sí ìbàdí yín. Kí Ó mú yín bọ̀ wálé ká fojú kan ara wa, kódà bí ẹ ò bá fẹ́ kan tèmi. Kí Renita rí ọmọ tó máa ṣe fún un bó ṣe ń ṣe fún yín. Kí Màmá sinmi, níwọ̀n bí ìdúró wọn ti parí.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi ọkàn tán, tí kò sì yẹ bẹ́ẹ̀,
Thurman

Mo tún rántí: bébà kékeré tí mo ká sínú lẹ́tà yìí, nọ́ńbà fóònù Verlene ni. Ó ní kí ẹ pè lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nítorí inú oko lòun máa ń wà ṣáájú ìgbà yẹn. Mi ò béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Mo ti wọ mọ́tò tán, mo ti ń lọ, òun ló sáré tẹ̀ lé mi pẹ̀lú bíírò lọ́wọ́.